Omi Ẹ̀rọ Walkerton: Ṣé Iṣẹ́ Náà Dára Sí I Lẹ́yìn Tí Ìjọba Gbà Á?

Ìlú kékeré ni Walkerton, ní ìpínlẹ̀ Ontario ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Lọ́dún 2000, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju bí 4,800 lọ. Kànga mẹ́ta ni wọ́n ń fa omi wọn nínú rẹ̀, Kànga 5, 6 àti 7. Ìgbìmọ̀ kan tó ń jẹ́ Public Utilities Commission ló ń bójú tó gbogbo rẹ̀. Àwọn ará ìlú ló ń dìbò yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yìí, olórí ìlú náà sì máa ń bá wọn jókòó. Nínú oṣù May ọdún náà, omi yẹn pa èèyàn méje, àwọn tó ṣàìsàn sì lé ní 2,300. Kí oṣù náà tó parí, Ontario Clean Water Agency, tó jẹ́ àjọ ìjọba ìpínlẹ̀, ti wá gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìjọba ìbílẹ̀ Brockton ló ni omi náà dòní.

Ká má fọ̀rọ̀ falẹ̀: iṣẹ́ náà dára nísinsìnyí, ó sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé pátákó tí wọ́n pààrọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ló tún un ṣe kò tíì rí ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tó yí padà ni ẹni tó ń rí nọ́ńbà kílórínì (oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi), àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i bó bá rí i tó dákẹ́.

Kànga 5 ni ẹ jẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wàhálà gbà wọlé. Ọdún 1978 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ó jìn tó mítà 15, ṣùgbọ́n mítà 5 péré ni páìpù kéésìnì rẹ̀, tó ń dí ẹ̀gbẹ́ kànga, dé, àárín mítà 5.5 sí 7.4 ni omi sì ti ń ya wọ inú rẹ̀. Erùpẹ̀ tó bo àpáta níbẹ̀ kò ju mítà méjì àbọ̀ lọ, àpáta náà sì ti sán. Ẹni tó bá ń gbẹ́ bohóòlù mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: omi ojú ilẹ̀ lẹ ń fà, ẹ kàn ń pè é ní omi abẹ́ ilẹ̀ ni. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún un ní 1978 ti fi hàn pé ìdọ̀tí ojú ilẹ̀ ń wọ inú rẹ̀. Síbẹ̀, kànga yìí nìkan lè pèsè ju ìdajì omi tí ìlú ń lò lọ.

Oko màlúù kan wà nítòsí. Olóko náà da ìgbẹ́ màlúù sórí ilẹ̀ rẹ̀ bí ajílẹ̀, bó ṣe yẹ kí àgbẹ̀ ṣe é. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Dennis O'Connor darí sọ ọ́ kedere pé kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 8 sí 12 oṣù May, òjò tó tó mìlímítà 134 rọ̀. Òjò yìí ló wẹ kòkòrò E. coli O157:H7 àti Campylobacter wọ inú kànga. E. coli irú èyí ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín ọmọdé jẹ́.

Kílórínì ló yẹ kó dá a dúró, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì le. Wọ́n ń po omi kílórínì sínú ike, ẹ̀rọ kékeré kan á máa tọ́ ọ sínú omi bó ṣe ń jáde láti kànga. Iye tó ṣẹ́ kù ló ṣe pàtàkì ju iye tí wọ́n tọ́ sí i lọ. Bí omi bá dọ̀tí, ìdọ̀tí náà ló máa kọ́kọ́ jẹ kílórínì. Tí ìdọ̀tí bá pọ̀ jù, á jẹ ẹ́ tán, kòkòrò á sì kọjá láìfarapa. Ìdí nìyẹn tí ìlànà Ontario nígbà náà fi sọ pé, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 tí kílórínì bá ti wà nínú omi, èyí tó ṣẹ́ kù kò gbọ́dọ̀ dín ní 0.5 mílígíráàmù nínú lítà kan. Bí òṣìṣẹ́ bá wọ̀n ọ́n tó rí i pé ó já sí òdo, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun kan ti wọ inú kànga òun, kódà kí làábù tó sọ̀rọ̀.

Ní Walkerton, wọn kì í wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Inú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, 0.5 àti 0.75 ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ìgbà òjò àti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Kílórínì kì í dúró lójú kan bẹ́ẹ̀. Bí ooru bá mú, á dín. Bí òjò bá rọ̀, á dín. Bí èyí tó wà nínú ike bá ti pẹ́, agbára rẹ̀ á ti lọ. Ìwé tí nọ́ńbà méjì péré ń pààrọ̀ ara wọn nínú rẹ̀ látọdún dé ọdún, orí tábìlì ni wọ́n ti kọ ọ́. Ìwádìí fi hàn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Bí wọ́n bá sì ń bu omi ránṣẹ́ sí làábù, wọ́n lè bù ú níbì kan kí wọ́n kọ orúkọ ibòmíràn sára ìgò. Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ náà fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Omi kànga náà dùn lẹ́nu wọn, àwọn fúnra wọn ń mu ún láìfi kílórínì sí i, àwọn ará ìlú sì ń ráhùn pé kílórínì ń rùn nínú omi. Wọ́n wá ń dín in kù kí ariwo lè rọlẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ omi nìyí, a sì gbà pé Walkerton nìkan kọ́ ló ń ṣe é.

Kànga 7 tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ 3 sí 9 oṣù May, àti láti ọjọ́ 15 sí 19, ó ń fún ìlú lómi láìsí ẹ̀rọ kílórínì lára rẹ̀ rárá.

Ní ọjọ́ 17, làábù aládàáni tó ṣàyẹ̀wò omi sọ fún ọ̀gá iṣẹ́ omi pé E. coli wà nínú rẹ̀. Òun nìkan ni làábù sọ fún. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n sọ fún ẹlòmíràn. Ọ̀gá náà pa á mọ́ra, ó ń fọ páìpù, ó ń da kílórínì sí i. Nígbà tí àwọn elétò ìlera pè é, ó ní kò sí ohun tó ṣe omi. Ọjọ́ 21, ní aago kan àbọ̀ ọ̀sán, ni wọ́n tó kéde pé kí gbogbo ìlú máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Àìsàn tí wọ́n ń rí ni wọ́n fi ṣe ìpinnu yẹn, láìtíì rí èsì àyẹ̀wò omi láti làábù. Orí rédíò ni wọ́n gbé ìkéde náà sí, ọ̀pọ̀ kò sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ìgbìmọ̀ O'Connor ṣírò rẹ̀ pé ká ní wọ́n ti kéde ní ọjọ́ 19, èèyàn 300 sí 400 kò ní ṣàìsàn.

Nípa ìgbìmọ̀ tó ni iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ wa kò ní gùn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti bẹ̀ wọ́n wò ní 1998, wọ́n sì kọ ìwé sí wọn pé kílórínì kò tó, àyẹ̀wò kò pé. Ìwé náà dé ọwọ́ wọn. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ ní òun á tún un ṣe, wọ́n gbà á gbọ́, kò sẹ́ni tó padà wá béèrè.

Nígbà tí àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ gba iṣẹ́, wọn kò fi kílórínì nìkan bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò ti wọ inú páìpù ìlú, ó sì ti dé inú ilé. Wọ́n fọ àwọn páìpù, wọ́n pààrọ̀ àwọn kan, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé láti fi kílórínì fọ páìpù inú ilé, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ àsẹ́ sí ìdí Kànga 7. Kànga 5 kò pèsè omi mọ́. Ọjọ́ 5 oṣù December ọdún 2000 ni wọ́n tó gbà kí àwọn èèyàn mu omi láìsè é. Oṣù mẹ́fà àbọ̀ pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò rí ohun tí wọ́n lè fò nínú iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá yára ṣí omi kí páìpù inú ilé tó mọ́ ń pe àìsàn padà ni.

Òfin tó tẹ̀ lé e la fẹ́ràn jù. Nínú òfin omi mímu tí Ontario ṣe ní 2002 àti ìlànà rẹ̀, làábù gbọ́dọ̀ sọ èsì búburú lójú ẹsẹ̀ fún ẹni tó ni omi, fún dókítà elétò ìlera agbègbè àti fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká. Ọ̀gá kan kò lè pa ìwé mọ́ sínú dúrọ́ọ̀ mọ́. Níbi tí wọ́n ti ń fi kílórínì pa kòkòrò, ẹ̀rọ ló ń wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ó sì ń pariwo bó bá dín. Ìgbìmọ̀ ìwádìí sọ pé ká ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lára Kànga 5, àjálù náà kò ní ṣẹlẹ̀. Láti ìparí 2012, kánsẹ́lọ̀ tó ń bójú tó omi pàápàá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra bí ó ti yẹ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n wà nílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ lè gba agbaṣẹ́ṣe láti máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹrù yìí lé e lórí.

Àléébù rẹ̀ kò ṣàìsí. Ẹ̀rọ ìwọ̀n, ẹ̀rọ ìpariwo àti òṣìṣẹ́ tó níwèé ẹ̀rí ń ná ìlú tó ní 400 ilé ní owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìlú tó ní 4,000, orí bílì oníbàárà ló sì ń já sí. Òfin náà kò sì dé abúlé àwọn ọmọ onílẹ̀ (First Nations, àwọn tó ti wà ní Kánádà kí àwọn òyìnbó tó dé), tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀: ní Neskantaga, ní ìhà àríwá Ontario kan náà, ọdún 1995 ni wọ́n ti ní kí wọ́n máa se omi, ó sì lé ní ọdún 25 tí wọ́n fi ń sè é. Nítorí ìyẹn, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá la fún iṣẹ́ yìí. Ti ìgbìmọ̀ àtijọ́ kò gba máàkì kankan.

Ẹni tó fẹ́ mọ bí kílórínì omi ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe rí lè dán an wò nílé. Ẹ ra oògùn oníhóró DPD nọ́ńbà 1 àti ìgò kékeré rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi tútù ṣàn fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ bu mìlílítà 10, ẹ ju hóró kan sí i, ẹ fọ́ ọ pò. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ fi àwọ̀ rẹ̀ wé káàdì. Bí kò bá pọ́n rárá, kílórínì kò sí níbẹ̀. Fún táńkì lítà 10,000 tí ẹ fẹ́ kó ní mílígíráàmù kan nínú lítà kan, gíráàmù 10 kílórínì gidi ló ń gbà. Bó bá jẹ́ páúdà kílórínì tí wọ́n ń pè ní HTH, tó ní ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún kílórínì, bíi gíráàmù 15. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Ní Ontario, ìjọba ìbílẹ̀ tó ní omi gbọ́dọ̀ ṣe ìròyìn ọdọọdún, kó pẹ́ tán ọjọ́ 28 oṣù February, ọ̀fẹ́ ni fún ará ìlú. Ojú ìwé tí kílórínì wà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ẹ wo nọ́ńbà tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù. Bí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní gbogbo ọdún, ẹ béèrè ẹni tó wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye ìgbà tí èsì búburú wáyé, ọjọ́ tí wọ́n rí i, àti ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe.