Ìpànìyàn nílé ẹlẹ́hàá: ìwé The Widows of Malabar Hill

Ìyá tó bí màmá mi, ẹlẹ́hàá ni wọ́n ní Ìwó. Àwa ọmọdé là ń bá wọn kiri ọjà, àwa náà là ń kó owó wọlé fún wọn. Ọkùnrin tó bá ní ọ̀rọ̀ láti bá wọn sọ, ẹ̀yìn aṣọ títa ni yóò dúró sí. Ìdí nìyẹn tí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Sujata Massey kọ yìí fi wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ìlú Bombay ní Íńdíà ni, lọ́dún 1921. Ọlọ́rọ̀ kan tó ní ilé iṣẹ́ aṣọ kú, ó fi opó mẹ́ta sílẹ̀ nínú ẹ̀há ní Malabar Hill. Ni ọkùnrin tó ń bójú tó ilé wọn bá kọ lẹ́tà pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ yọ̀ǹda sàdáàkì wọn fún sàárà. Gbogbo rẹ̀ o! Kí ni wọ́n á wá máa jẹ? Ara fu Perveen Mistry, ọ̀dọ́bìnrin Parsi (àwọn ẹlẹ́sìn Zoroaster ní Íńdíà) tó ń ṣiṣẹ́ lọ́yà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọn ò tíì gba obìnrin láàyè láti rojọ́ ní kóòtù nígbà náà, àmọ́ òun ló lè wọ inú ẹ̀há, kó jókòó ti àwọn opó náà lójúkojú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa ọkùnrin onílẹ́tà yẹn sínú ilé.

Ibi tí ìwé náà ti dùn jù nìyí, torí ọlọ́pàá ò lè ṣàdédé wọlé bi àwọn obìnrin léèrè ọ̀rọ̀. Ìwé sàdáàkì ni Perveen ń yẹ̀ wò, àti ìfọwọ́síwèé, àti ohun tí ìyàwó kan ń sọ nígbà tí orogún rẹ̀ ò sí nítòsí. Ẹni tó bá dàgbà nílé olórogún á mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Massey ò sọ wọ́n di ẹni ìkáàánú. Razia ìyáálé ní ọgbọ́n tirẹ̀, Mumtaz tó kéré jù, olórin ni kó tó wọlé ọkọ.

Cornelia Sorabji, obìnrin àkọ́kọ́ tó kọ́ òfin ní Oxford, ni òǹkọ̀wé náà wò dá Perveen. Iṣẹ́ Sorabji gan-an ni pé kó máa jà fún àwọn obìnrin inú ẹ̀há lórí ogún wọn.

Àwọn orí tó padà sí 1916, ìgbà tí Perveen wà nílé ọkọ ní Calcutta, máa ń já okùn ìwádìí mọ́ mi lọ́wọ́. Síbẹ̀, nígbà tí mo ka bí wọ́n ṣe ń tì í mọ́ yàrá kékeré nítorí nǹkan oṣù, mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo ti ń kà á fún màmá mi báyìí, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Ibi tí àwọn opó ti ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri oníhò wẹ́wẹ́, wọ́n ní kí n tún un kà.