Mo fọwọ́ ara mi pààrọ̀ suwíìṣì ìgíníṣọ̀n Corolla mi lẹ́yìn tí mo rí iye tí dílà kọ

Bí ẹ bá ń wa Corolla tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2003 sí 2008, tí ìgíníṣọ̀n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà yín láàmú, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ti ọdún 2005 ni mò ń wà, Ìbàdàn ni mo ń gbé, mo sì ti gba ọ̀nà méjèèjì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dílà, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń ta mọ́tò Toyota tó sì ń tún un ṣe, kí wọ́n sọ iye rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo tú u fúnra mi nínú ọgbà ilé wa. Bó bá jẹ́ pé suwíìṣì iná tó wà lẹ́yìn ìgíníṣọ̀n nìkan ló bàjẹ́, ẹni tó mọ súkúrúdíráfà lò lè ṣe iṣẹ́ náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí dílà ń bèèrè, orí ohun tí kò bàjẹ́ ló ń lọ.

Ohun tí gbogbo wa ń pè ní ìgíníṣọ̀n, ohun méjì ló so mọ́ra. Àkọ́kọ́ ni ihò irin tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, òun ló mọ eyín kọ́kọ́rọ́ yín yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, òun náà ló sì ń ti sítíárì pa bí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́. Èkejì ni suwíìṣì oníke kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí wáyà wọ̀. Kọ́kọ́rọ́ kì í kan wáyà kankan. Ihò irin ló ń yí, ihò irin náà sì ní ìrù pẹlẹbẹ kan tó ń yí suwíìṣì lẹ́yìn. Láti LOCK sí ACC, sí ON, títí dé START, ìyẹn ibi mẹ́rin tí kọ́kọ́rọ́ ń dúró sí bí ẹ bá ń yí i, àwọn bàbà pẹlẹbẹ inú suwíìṣì yìí ló ń fara kan ara wọn tí wọ́n sì ń jìnnà síra. Ojoojúmọ́ ni iná ń ta láàárín wọn. Gírísì inú rẹ̀ á gbẹ, ojú bàbà á jó dúdú, nígbà tó bá sì yá, iná kò ní rí ọ̀nà kọjá dáadáa mọ́.

Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: mo máa yí kọ́kọ́rọ́, dáṣíbọ́ọ̀dù á tàn, rédíò á sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá yí i dé START, ó pa kẹ́kẹ́. Kódà mi ò gbọ́ ìró "ká, ká, ká" tó máa ń dún bí bátìrì bá ti rẹ̀. Bí mo bá rọra gbọn kọ́kọ́rọ́, ó lè gbà, ó sì lè má gbà. Ẹnì kan ní kí n lọ ra bátìrì tuntun, òmíràn ní sítátà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kọ́kọ́ yí ẹ́ńjìnnì, ni. Mi ò gbà fún wọn, nítorí iná iwájú mọ́tò kì í rẹlẹ̀ bí mo bá ń sítáàtì, bátìrì tó ti rẹ̀ kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó dẹ́rù bà mí gan-an ni ọjọ́ tí dáṣíbọ́ọ̀dù pa lójijì lórí afárá Mọ́kọ́lá. Ẹ́ńjìnnì kú, sítíárì wúwo lọ́wọ́ mi, àwọn dánfó sì ń fọn fèrè lẹ́yìn mi. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ mọ̀ pé búréèkì ṣì máa mú fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ló máa le, nítorí náà ẹ má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pinpin, kí ẹ sì yà sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Bí mo ṣe mọ̀ pé suwíìṣì ni ṣe pàtàkì, torí ibi tí àwọn ènìyàn kò ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ni owó wọn ti ń ṣòfò. Mo fọ orí bátìrì, mo sì dè é le. Mo gbé jíà sí N dípò P, torí mọ́tò ọ̀tọmátíìkì ní suwíìṣì mìíràn níbi jíà tí kì í jẹ́ kí sítátà ṣiṣẹ́ àfi tí jíà bá wà ní P tàbí N, bí ìyẹn bá sì bàjẹ́, ìṣe kan náà ló máa ń ṣe. Kò yí padà. Mo wá tú ìdérí abẹ́ sítíárì, mo mú tẹ́sítà, ìyẹn gílóòbù kékeré onírin ṣóńṣó tí àwọn rẹ́wáyà ń lò, mo so wáyà rẹ̀ mọ́ irin ara mọ́tò. Mo fi ṣóńṣó rẹ̀ kan wáyà tó ń gbé iná bátìrì wọ suwíìṣì: ó tàn. Mo fi kan èyí tó ń gbé iná jáde lọ sọ́dọ̀ sítátà, ọmọ mi tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ dé START: kò tàn. Ìgbà tó gbọn kọ́kọ́rọ́ ló tó tàn fìrí. Iná ń wọlé, kò jáde. Ibi tí àrùn náà wà nìyẹn.

Mo ṣì gbé e lọ sọ́dọ̀ dílà, torí mo fẹ́ mọ ohun tí owó ńlá ń rà fúnni. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí wa níbi ìjókòó, ọ̀dọ́kùnrin tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi sì fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn títí mo fi kúrò. Wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, mo sì sanwó ìyẹn lọ́tọ̀. Ìwé tí wọ́n gbé fún mi ní kí a pààrọ̀ ìgíníṣọ̀n látòkè délẹ̀: ihò irin, suwíìṣì, kọ́kọ́rọ́ tuntun, pẹ̀lú owó iṣẹ́. Mi ò ní kọ iye náírà síbí, torí kí oṣù tó parí, iye ọjà á ti yí padà, àmọ́ ó ju ìlọ́po mẹ́fà owó tí mo padà ná lọ. Mo bèèrè bóyá wọ́n lè pààrọ̀ suwíìṣì ẹ̀yìn nìkan. Wọ́n ní odindi ni àwọn máa ń pààrọ̀. Ìyẹn dùn mí, torí Toyota fúnra rẹ̀ ń ta suwíìṣì yẹn lọ́tọ̀, ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, 84450 ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà. Ihò irin tèmi kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́rọ́ ń wọlé, ó ń yí, ó ń jáde. Bí mo bá gbà fún wọn, kọ́kọ́rọ́ kan ni màá máa fi ṣílẹ̀kùn, òmíràn ni màá máa fi sítáàtì.

Mo gba Ararọ̀mí lọ, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò tó wà ní Agodi Gate. Ẹni tó bá wà l'Ékòó á lọ sí Ládípọ̀ ní Múṣin. "Mọ́mì, tòkunbọ̀ lẹ máa mú, òun ló ń pẹ́," ni ọmọ tó ń tajà sọ fún mi. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí jíà ni, màá gbà fún un. Ṣùgbọ́n suwíìṣì tòkunbọ̀ ti jó lọ́wọ́ ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ bí tèmi ṣe jó, àrùn kan náà ni ẹ máa fowó rà. Tuntun ni kí ẹ rà. Ẹ mú ti àtijọ́ dání, kí ẹ fi wé e: ojú ibi tí wáyà ń wọ̀, iye irin tó wà níbẹ̀, àti ihò tí ìrù irin yẹn ń wọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi mítà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná, wò ó kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ fi mítà wò ó, ẹ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà gan-an kò le, àmọ́ ó ní ètò. Ẹ kọ́kọ́ tú orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90 ó kéré tán kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí báàgì afẹ́fẹ́ wà nínú sítíárì. Toyota ló ní kí á dúró bẹ́ẹ̀, ẹ má fojú di í. Àwọn ìdè (súkúrù) ìdérí abẹ́ sítíárì wà níbi tó fara pamọ́, ẹ máa ní láti yí sítíárì sọ́tùn-ún àti sósì kí ẹ tó rí àwọn kan níbẹ̀, nítorí náà ẹ yí i kí ẹ tó yọ kọ́kọ́rọ́. Bí ìdérí bá ti kúrò, ẹ máa rí suwíìṣì náà lẹ́yìn ihò irin, ní òdìkejì ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Ìdè kéékèèké méjì ló mú un. Ẹ tẹ ahọ́n ike tó di ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà mú, kí ẹ fà á jáde láti ibi ike rẹ̀. Ẹ má fa wáyà.

Kí ẹ tó ki tuntun bọ̀ ọ́, ẹ rí i pé ihò ẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ìrù irin. Bí kò bá dọ́gba, kò ní jókòó dáadáa, ẹni tó bá sì fi ìdè fà á mọ́ ọn tipátipá máa fọ́ ike náà. Ẹ dè é kó mú, àmọ́ ẹ má dè é jù. Lẹ́yìn tí mo dá bátìrì padà, mo wo ACC, mo wo ON, mo sítáàtì, mo pa á, mo tún sítáàtì, mo sì gbọn kọ́kọ́rọ́ lórí ìrìn ẹ́ńjìnnì láti mọ̀ bóyá iná á já. Kò já. Kó tó di pé mo pa ìdérí dé ni mo ṣe gbogbo ìyẹn. Nígbà tí mo tú suwíìṣì àtijọ́ wò, ojú bàbà apá START ti jó di dúdú, ó sì ti jẹ kòtò. Àwọn kan máa ń fi sáńpépà ha irú rẹ̀, tí wọ́n á sì dá a padà sínú mọ́tò. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ibi tó ti jẹ kòtò kò ní kún mọ́.

Rẹ́wáyà àdúgbò wa, ẹni tí mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ti kọ́kọ́ sọ fún mi pé, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi bọ́tìnì sí i, mà, kíá ni." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ̀ ọ́. Bọ́tìnì yẹn máa ń yí sítátà lóòótọ́, àmọ́ suwíìṣì tó jó ṣì wà níbẹ̀, òun náà ló ṣì ń gbé iná lọ sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì bí mọ́tò bá ń sáré. Ọjọ́ tó bá já lórí eré, bọ́tìnì kò lè gba ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mọ́tò ń kú mọ́ lọ́wọ́ lórí eré nítorí ìgíníṣọ̀n. Ní ọdún 2014, General Motors ní Amẹ́ríkà ní láti pe nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.6 ọkọ̀ padà láti tún wọn ṣe, Chevrolet Cobalt àti Saturn Ion wà lára wọn. Ìgíníṣọ̀n wọn rọ̀ jù, bí kọ́kọ́rọ́ bá wúwo tàbí tí orúnkún bá kọ lù ú, ó máa ń yọ́ kúrò ní ON. Ẹ́ńjìnnì á kú, báàgì afẹ́fẹ́ kò sì ní jáde bí wọ́n bá forí sọ nǹkan. Ikú ènìyàn 124 ni àjọ tó ń san owó gbà-má-bínú gbà pé ó ti ibẹ̀ wá, ilé iṣẹ́ náà sì gbà ní ọdún 2015 láti san mílíọ̀nù 900 dọ́là fún ìjọba. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn oníbàárà wọn ni pé kí wọ́n tú gbogbo ohun tó wà lórí òrùka kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n máa fi kọ́kọ́rọ́ nìkan wakọ̀. Èmi náà ti tú kọ́kọ́rọ́ ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù kúrò lára tèmi. Honda náà ti pe àwọn Accord àti Civic kan tí wọ́n ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1990 padà ní ọdún 2002 nítorí bàbà inú suwíìṣì tó ń jẹ, àwọn Accord tí a ń pè ní Baby Boy kan sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wa tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà lè tẹ VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò rẹ̀, sórí ojúlé NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò mọ́tò, láti wo àtúnṣe ìpè-padà tí wọn kò tíì ṣe lára rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò sọ pé kí ẹ má ṣe dé ọ̀dọ̀ dílà láé. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ń há nínú ihò, bí ó bá ṣẹ́ sínú rẹ̀, tàbí tí kọ́kọ́rọ́ yín bá ní ṣíìpù, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí mọ́tò fi ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀, tí mọ́tò kò sì dá a mọ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ bá wọn. Iṣẹ́ ihò irin àti ti ṣíìpù nílò irinṣẹ́ tí kò sí nílé, rìsíìtì àti wáráńtì wọn sì níye lórí níbẹ̀. Suwíìṣì ẹ̀yìn kò sí lára rẹ̀, torí ẹni tó bá pààrọ̀ òun nìkan kò fọwọ́ kan ṣíìpù rárá, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ á sì máa ṣiṣẹ́ lọ.

Bí ẹ bá máa ṣe é, súkúrúdíráfà olórí sítáà tó kúrú ni kí ẹ wá, torí èyí tó gùn kò ní ráyè yí lábẹ́ sítíárì.