Ọdún mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀rọ omi gbígbóná abẹ́ sínǹkì

Ọdún 2021 ni mo ra ẹ̀rọ náà, èyí tí tánkì rẹ̀ máa ń wà lábẹ́ sínǹkì, tí táápù kékeré á yọrí sókè. Ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí, omi gbígbóná ti dé. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, tí mo bá sì wọlé láàárọ̀, mi ò ní sùúrù kẹ́túlù. Fún tíì àti Mílò, ó ṣe mí lóore gan-an. Kódà epo pupa tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì kì í dì nígbà òtútù.

Ẹ̀bà ló kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Tèmi kì í gbóná ju 93 lórí ìwọ̀n Celsius lọ, bẹ́ẹ̀ 100 ni omi ń hó. Méje tó ṣẹ́ kù yẹn ń jà. Gàrí mu omi, kò wú. Mo fi orógùn rò ó títí, síbẹ̀ hóró tó le wà láàárín rẹ̀, ó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ká má tíì sọ ti àmàlà. Lítà 2.5 péré ni tánkì ń gbà; lọ́jọ́ tí àlejò pọ̀, ìkòkò mi ò tíì kún tí omi tó ń bọ̀ fi di lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo sì tún dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Àmọ́ omi Lọ́ńdọ̀nù gan-an ló pa á. Inú òkúta ẹfun ni púpọ̀ nínú omi wa ti ń ṣàn wá, ó sì ń gbé ẹfun náà dání. Bí iná bá ti kàn án, ẹfun á já sílẹ̀, á di èépá funfun. Ti kẹ́túlù ṣe é rí, ẹ lè da fínígà sí i. Ti inú tánkì pa mọ́, tánkì ọ̀hún sì ń gbóná tọ̀sán tòru, ẹ lò ó, ẹ ò lò ó.

Kò pé ọdún kan tí táápù fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tó, tó, tó. Mo rò pé rọ́bà ló jẹ. Ọmọkùnrin ará Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣiṣẹ́ púlọ́ḿbà ló wá wò ó. Ó ní, "Àǹtí, omi tó ń gbóná máa ń fẹ̀. Àyè tó yẹ kó gbà á nínú tánkì ni èépá ti dí, ẹnu táápù ló wá ń gbà jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan dí ẹnu yẹn o, tánkì lè bẹ́."

Lọ́dún kẹta, ìdí tánkì ya lóru. Omi gba abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù dé ìkejì rẹ̀, níbi tí èlùbọ́ tí màmá mi fi ránṣẹ́ láti Ọ̀yọ́ wà. Nígbà tí mo tú àpò rẹ̀, ìsàlẹ̀ ti di ẹrẹ̀ dúdú, ó ń rùn. Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí. Mo pe àwọn tó tà á fún mi, wọ́n ní gàráńtì ò kan èépá, pé mi ò fi asẹ́ omi tó ń dènà èépá sí i. Asẹ́ yẹn, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà á, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n sì ní kéèyàn máa pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo sanwó, kò sẹ́ni tó dárúkọ asẹ́ sí mi létí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ kọ́kọ́ yọjú wo ìdí kẹ́túlù yín. Tí ó bá ti funfun, ẹ ra asẹ́ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà. Tí ọmọ kékeré bá wà nílé, èyí tó ní ìdè lẹ́nu ni kẹ́ ẹ rà, torí omi yẹn á ti bó ọmọ lára kó tó ké.

Kẹ́túlù ni mo padà sí. Ihò táápù yẹn ṣì wà lára sínǹkì, mo wá ìdérí irin kékeré kan fi dé e. Epo pupa mi sì ti ń dì padà.