Mítà kékeré tó gba ẹ́ńjìnnì mi sílẹ̀: àgbéyẹ̀wò múltímítà fún ọkọ̀ tó kú lójijì

Múltímítà tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ̀rọ tó ń wọn iná, kò ju ohun àfọwọ́kan-dìmú lọ. Ó ń kọ nọ́ńbà sójú, ó ní wáyà pupa àti dúdú tí ẹnu wọn rí ṣóńṣó. Iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ rà á ni mo fẹ́ fi dá a lẹ́jọ́: bí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí ìrìn, tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ tí kò dáhùn rárá, ṣé mítà yìí lè sọ ohun tó ṣe é? Ó lè sọ púpọ̀, bí a bá mọ ibi tó yẹ ká fi ẹnu rẹ̀ kàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Bí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì àmọ́ tí kò sítáàtì, epo, pílọ́ọ̀gì tàbí sẹ́ńsọ̀ ni ká lọ wò. Bí kò bá yí rárá, ọ̀rọ̀ kan bátìrì, wáyà, sítátà, tàbí ẹ́ńjìnnì tó ti gan. Apá kejì yìí ni mítà ti wúlò jù.

Ọkọ̀ mi kú bí mo ṣe ń wà á lọ. Iná iwájú ń tàn, rédíò ń sọ̀rọ̀, àmọ́ bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, kẹ́kẹ́ pa. Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ wò ó ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ká lọ wá òmíràn rà. Mo ní kí ó ṣe sùúrù, mo fi mítà kan orí bátìrì: 12.5 fólítì. Bátìrì tó kún máa ń wà ní bíi 12.6, tó bá ti dé 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìsinmi yìí kò tó, nítorí bátìrì tó ti gbó lè fi 12.5 hàn kó sì ṣubú lulẹ̀ ní kété tí iṣẹ́ bá dé. Mo ní kí ẹnìkan bá mi yí kọ́kọ́rọ́ bí mo ṣe ń wo ojú mítà. Bí sítátà bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, iná á wálẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò yẹ kó lọ sábẹ́ nǹkan bíi 9.6. Tèmi dúró sí 12.4.

Nọ́ńbà yẹn ló tú àṣírí. Ká ní ẹ́ńjìnnì ti gan ni, tí sítátà sì ń bá a jà, iná bátìrì ì bá já wálẹ̀ gidigidi. Pé kò wálẹ̀ túmọ̀ sí pé iná kankan kò ṣàn gba inú sítátà. Mo fi ẹnu dúdú kan orí nẹ́gẹ́tífù bátìrì, mo fi pupa kan irin ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, a tún yí kọ́kọ́rọ́. Ó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo níbẹ̀, kó má kọjá 0.5. Ó fi ohun tó lé ní 11 hàn mí! Wáyà ẹ́ẹ̀tì tó so bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì ti dípẹtà tó fi já sínú rọ́bà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lójú, ó dá ṣáká. Mo fi wáyà nínípọn tí a fi ń yá iná lára ọkọ̀ mìíràn so nẹ́gẹ́tífù mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, ó sì sítáàtì. Kọ́ìlì tó ń fún pílọ́ọ̀gì ní iná náà ń gba ara ẹ́ńjìnnì dá iná padà, ìdí nìyẹn tó fi kú lójijì.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára mítà yìí ni bọ́tìnì tó ń di nọ́ńbà tó kéré jù lọ mú, nítorí iná máa ń já kó tó dé ojú ẹni. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé aago rẹ̀ tó ń dún bí wáyà bá pé o. Tẹ́ẹ́rẹ́ okùn kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù nínú wáyà sítátà á mú un dún, bẹ́ẹ̀ sítátà ń fẹ́ iná tó lé ní 100 ámpìà. Ihò tí wọ́n kọ 10A sí kò sì sí fún sítátà rárá. Fíùsì rẹ̀ á jó.

Àléébù rẹ̀ ò ṣàìsí. Wáyà rẹ̀ kúrú, kò dé sítátà nísàlẹ̀ láti orí bátìrì, ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ sì máa ń yọ̀. Nínú oòrùn, nọ́ńbà rẹ̀ ń ṣú. Mo ní scanner OBD2 pẹ̀lú, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àìsàn láti inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tó ń wọ ihò eléyín 16, mi ò sì kórìíra rẹ̀: ó lè mú kóòdù P0335 jáde fún sẹ́ńsọ̀ kírànkì (ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì), àìsàn tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì lórí ìrìn tí sítátà á ṣì máa yí. Lórí wáyà ẹ́ẹ̀tì mi, kò sọ nǹkan kan.

Ibi tí mítà kò dé ni kí ó fìyàtọ̀ sáàárín sítátà tó há àti ẹ́ńjìnnì tó gan, nítorí àwọn méjèèjì ló ń fa iná wálẹ̀. Níbẹ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ ọkọ̀ kúrò nínú jíà, ẹ fi sípánà gígùn yí bóòtì púlì kírànkì. Bó bá yí, ẹ́ńjìnnì kò tíì gan. Bí kò bá yí, ẹ tú fáǹbẹ́ẹ̀tì kí ẹ tún dán an wò, nítorí ọ́tánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná) tó há náà lè dì í mú.

Màá tún mítà yìí rà. Wáyà gígùn tí ẹnu rẹ̀ ní eyín tó ń gé irin mú ni màá kọ́kọ́ bá a rà.