Ṣé kẹ̀kẹ́ oníná tó owó ẹ̀ n'Ìbàdàn?

Àwọn tó ń rí mi lórí kẹ̀kẹ́ oníná mi, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ológeere tí bátìrì ń bá ẹsẹ̀ wà, ní Sángo máa ń bi mí pé ṣé káwọn náà ra tiwọn. Bí iná bá ń wá déédéé ládùúgbò yín, tí ibi iṣẹ́ yín ò sì ju kìlómítà mẹ́wàá lọ, ẹ rà á. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì ò bá sí, ẹ di owó yín mú ná. Orógun ni mò ń gbé, Mọ́kọ́lá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní físíìsì. Kẹ̀kẹ́ oníná ni mò ń gùn lọ, òun náà ni mò ń gùn bọ̀, àfi bí òjò bá ṣú.

₦650,000 ni mo ra tèmi. Tòkunbọ̀ ni, irú èyí tí kò ní irin gbọọrọ láàrin, tí obìnrin lè wọ síkẹ́ẹ̀tì gùn. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó takisí Micra ò dúró lójú kan mọ́. Nígbà tí mo ṣírò ẹ̀, ₦1,000 ló ń jáde lọ́wọ́ mi lójúmọ́, àlọ àtàbọ̀. Bí ọjọ́ iṣẹ́ bá jẹ́ 22 lóṣù, ₦22,000 nìyẹn. Á tó nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀ kówó náà tó padà sápò. Ẹ má gba ẹni tó bá ní oṣù mẹ́fà ni gbọ́.

Iná tó ń jẹ kò tó nǹkan. Fóòlùtì 36 ni bátìrì mi, ìwọ̀n iná tó ń gbà sì jẹ́ 10Ah. Ẹ sọ ọ́ di 36 lọ́nà mẹ́wàá, ó di 360Wh. Yúníìtì iná kan jẹ́ 1,000Wh, kò tó ìdajì ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé owó Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, dé ₦225 lórí yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024 pàápàá, kí bátìrì yìí kún kò ná ènìyàn tó ₦100. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ fẹ́ máa tàn nítorí ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dà á láàmú. Epo tí ẹ torí ẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ náà lẹ tún máa máa rà.

Bátìrì gan-an lẹ ń fowó rà. Irin àti táyà kàn ń tẹ̀ lé e ni. Kẹ̀kẹ́ tó ń dán gbinrin lè ru bátìrì tó ti darúgbó, torí pé lithium, irú bátìrì tí kẹ̀kẹ́ yìí ń lò, ń gbó bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ lò ó. Ẹ mú mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń wọn fóòlùtì dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà. Bátìrì fóòlùtì 36 tó bá kún dáadáa yóò fi nǹkan bí 42 hàn. Èyí tí mo rà fi 41.8 hàn. Mo gùn ún gun òkè, mo padà dé, mo tún wọ̀n ọ́n: 40 àti díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó sanwó. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ dé, mo rí ọ̀kan tó já láti 42 sí 36 kí n tó yí àdúgbò po tán. Wọ́n ní ó lè rin 60 kìlómítà. Ní orí òkè Ìbàdàn yìí, irú bátìrì bẹ́ẹ̀ tó bá ṣì lágbára, ẹ máa retí bíi 30. Ẹ má sì ra èyí tí wọ́n ti tú rí, tí wọ́n fi téèpù dí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bátìrì sílẹ̀ lórí ṣájà kẹ́ ẹ sùn, ẹ má sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Bó bá gbiná, ibẹ̀ lẹ máa gbà sá jáde. Bí mo bá ti dé nínú oòrùn, mo máa ń jẹ́ kó tutù kí n tó ki ṣájà bọ̀ ọ́.

Mọ́tò, ìyẹn ẹ́ńjìnnì iná tó ń yí táyà, 250 watt ni tèmi, inú àgbá ẹ̀yìn ló wà. Lórí ilẹ̀ títẹ́, ó ń gbé mi lọ jẹ́jẹ́. Tó bá di ìgòkè Mọ́kọ́lá, mo gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ wa kún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́tò á gbóná. Ẹni tó bá ń gun òkè Mápó lójoojúmọ́, kó wá èyí tí mọ́tò ẹ̀ wà níbi pẹ́dàlì, torí ìyẹn máa ń lo jíà. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀ gidigidi. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Sángo ò dá mi dúró mọ́, aago ìléèwé kì í lù bá mi lójú ọ̀nà. Àwọn kan sọ pé kò yẹ tíṣà obìnrin. Ó yẹ mí.

Táyà ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ múra sílẹ̀ fún. Lọ́jọ́ tí tèmi jò, fọkanáísà gbé sípánà 17 jáde, kò wọ̀ ọ́. Ó gbé 19, ó ń yọ̀. 18 ni nọ́ọ̀tì mọ́tò náà, wáyà sì tún wọnú àgbá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. A ò tú u mọ́. Ó fi irin yẹ etí táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa tíúbù jáde díẹ̀díẹ̀ títí a fi rí ẹ̀gún kékeré tó wọlé, ó lẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, sípánà 18 ò kúrò nínú báàgì mi. Ẹ ra èyí tí táyà ẹ̀ jẹ́ íǹṣì 26, torí ó rọrùn láti rí tíúbù ẹ̀ ju ti àwọn táyà fẹ̀ǹfẹ̀ kékeré yẹn lọ.

Ìyàwó àbúrò mi tó wà ní Ọ̀jọ́ọ̀ ń bi mí bóyá òun lè fi máa gbé àwọn ọmọ méjèèjì lọ síléèwé. Mo ní rárá. Wọ́n kọ 25kg sára ibi ìkẹ́rù tèmi, àkọ́bí ẹ̀ nìkan ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tírélà sì ń gba ọ̀nà wọn. Mo ní kó ṣì máa wọ Micra.