Láíbírì kan, ètò púpọ̀: àgbéyẹ̀wò libcdr, libmspub àti àwọn ẹgbẹ́ wọn

Bí oníbàárà bá gbé fáìlì CorelDRAW (ètò ìyàwòrán) àtijọ́ wá sí ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, tí kò sì sí CorelDRAW lórí kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀, LibreOffice Draw lè ṣí i. Inkscape (ètò ìyàwòrán) àti Scribus (ètò títo ojú ìwé fún ìtẹ̀wé) náà lè ṣí i. Láíbírì kan ṣoṣo (àkójọ kódù tí oríṣiríṣi ètò lè jọ lò), libcdr, ló ń bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ka fáìlì náà.

Láti ọdún 2014 ni irú láíbírì báyìí ti wà lábẹ́ orúkọ Document Liberation Project. libmspub ń ka fáìlì Microsoft Publisher, libvisio ń ka ti Visio, libwps ń ka ti Microsoft Works. libwpd ń ka WordPerfect, AbiWord, ètò ìkọ̀wé kan, náà sì ń lò ó. Iṣẹ́ wọn ò ju kíkà lọ: ohun tí wọ́n bá rí nínú fáìlì, librevenge (láíbírì tó wà láàárín wọn àti ètò) ni wọ́n ń fi lé lọ́wọ́. LibreOffice á yí i sí ODF, irú fáìlì tirẹ̀, Inkscape á yí i sí SVG, irú fáìlì àwòrán. Tí wọ́n bá tún àṣìṣe kan ṣe nínú libcdr, gbogbo wọn ló máa jàǹfààní rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ nìyẹn.

Tí fáìlì Publisher bá pọ̀, ẹ ṣí tẹ́mínà (fèrèsé tí a ń tẹ àṣẹ sí), ẹ wọ inú fódà wọn, kí ẹ tẹ àṣẹ yìí láti yí gbogbo wọn sí odg, fáìlì LibreOffice Draw:

soffice --headless --convert-to odg *.pub

Tí kò bá ṣe nǹkan kan, tí kò sì sọ ìdí, ẹ wò ó bóyá LibreOffice ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀. Ẹ pa á dé, kí ẹ tún un tẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni lẹ́tà. Tí fọ́ǹtì tí wọ́n fi kọ iṣẹ́ náà kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà yín, òmíràn á rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì kún kọjá àpótí rẹ̀. Ti Yorùbá tún le sí i. Kódù méjì ló para pọ̀ di «ẹ̀»: ẹ fúnra rẹ̀, àti àmì ohùn tó ń gùn ún lórí. Fọ́ǹtì tí kò mọ èkejì á jẹ́ kí àmì náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Charis SIL tàbí Noto Sans máa ń tò ó dáadáa. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí wọ́n fi fọ́ǹtì Yorùbá àtijọ́ kọ, èyí tó fi àwòrán ẹ sí ipò lẹ́tà mìíràn. Lẹ́tà mìíràn yẹn ni libcdr máa gbé jáde, torí ohun tó wà nínú fáìlì nìyẹn. Ẹ fi Ctrl+H pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má ṣe gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní tààràtà o. RGB (àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà) ni libcdr ń yí àwọ̀ CMYK (àwọ̀ íńkì mẹ́rin ti ìtẹ̀wé, K ni dúdú) sí. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ íńkì dúdú nìkan tẹ́lẹ̀ lè wá pín sórí pléètì mẹ́rin, tí pléètì bá sì yẹ̀ díẹ̀, etí lẹ́tà kéékèèké á ṣú. Nínú Scribus, ẹ dá dúdú padà sí K 100, C, M àti Y sí 0, kí ẹ tó ṣe PDF.

Àwọn láíbírì yìí kò lè kọ fáìlì CorelDRAW (.cdr) tàbí ti Publisher (.pub) padà. PDF àti odg ni kí ẹ fún oníbàárà.

Ó dùn mí pé docx, fáìlì Microsoft Word, ò sí nínú àjọlò yìí. LibreOffice ní kódù tirẹ̀ tó fi ń kà á, AbiWord ní tirẹ̀, ONLYOFFICE ní tirẹ̀. Apache OpenOffice ń ṣí docx ṣùgbọ́n kò lè fi iṣẹ́ pamọ́ sínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí tébù kan náà fi ń rí bákan níhìn-ín, tó sì ń rí bámìíràn lọ́hùn-ún, tí àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe sí ọ̀kan kì í sì í dé ọ̀dọ̀ èkejì.