Land Rover Series àbí Land Cruiser FJ40: èwo lẹ lè tún bọ́dì rẹ̀ ṣe nílé?

Ẹni tó bá fẹ́ ra jíìpù àtijọ́ kó lè tún un ṣe fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ló sábà máa ń kọ́kọ́ bi olówó ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ni wàhálà. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á tú u, á sì tún un dè. Ìpẹtà ló ń jẹ owó, òun ló ń sọ ọkọ̀ di ohun tí ewéko ń hù bò lẹ́yìnkùlé. Ìpẹtà ni mo sì máa fi wọn ọkọ̀ méjèèjì yìí wò, torí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jẹrà ò jọra rárá.

Látilẹ̀ ni. Nígbà tí Land Rover jáde níbi àfihàn ọkọ̀ ní Amsterdam lóṣù Kẹrin 1948, ogun ò tíì parí pẹ́, ńṣe ni wọ́n ń wọn irin fún àwọn ilé iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ Rover tó ń ṣe é bá fi Birmabright, ìyẹn alumíníọ́mù tí wọ́n pò mọ́ magnesium, ṣe bọ́dì rẹ̀. Alumíníọ́mù ló ṣì pọ̀ jù lára bọ́dì náà títí Series III, ìyẹn ìran kẹta rẹ̀, fi kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 1985. Irin ni Toyota fi ṣe bọ́dì FJ40 ní tiwọn, láti 1960 títí di 1984. Èyí tó bá ní òrùlé líle, fáíbà ni wọ́n fi ṣe òkè rẹ̀.

Àwọn kan á ní Land Rover kì í dípẹtà. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Irin ni ṣáásì rẹ̀, ìyẹn egungun abẹ́ ọkọ̀ tó gbé bọ́dì dúró. Irin ni ògiri tó pín ẹ́ńjìnnì níyà kúrò lọ́dọ̀ awakọ̀, irin sì ni egungun inú ilẹ̀kùn. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà: ṣáásì yẹn ṣófo nínú bíi páìpù, omi àti ẹrẹ̀ á wọ inú rẹ̀, á sì máa jẹ ẹ́ látinú bọ̀ síta. Ọ̀dà tuntun lè máa dán lára bọ́dì, kí ṣáásì sì ti di bébà lábẹ́.

Ẹ mú hámà kékeré dání, ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, kí ẹ wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ máa fi hámà gbá ṣáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó yè á dún gooro. Ibi tó ti jẹ á dún bùù, nígbà míì ìpẹtà á máa dà sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbá a, nítorí náà ẹ bo ojú yín. Ẹ farabalẹ̀ wo irin gbọọrọ tó dábùú ìdí ọkọ̀, àwọn apá tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáásì láti gbé bọ́dì, àti ibi tí wọ́n de sípíríńgì mọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé, kí ẹ fi sìkúrù dráífà gún irin abẹ́ rẹ̀.

Tí ẹ bá rí nǹkan funfun bíi lẹ́búlẹ́bú létí ilẹ̀kùn, ibi tí irin àti alumíníọ́mù ti fara kanra ni. Bí omi bá ti wọ àárín méjèèjì, alumíníọ́mù ló máa ń jẹ. Iyọ̀ ló sì ń mú un yá kánkán, ì báà jẹ́ afẹ́fẹ́ òkun ní Lẹ́kì tàbí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ní London. Bí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ fi rọ́bà tàbí ọ̀dà tó nípọn pín wọn níyà.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn Land Rover fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni pé bóòtù ni wọ́n fi de èyí tó pọ̀ jù lára bọ́dì rẹ̀. Sípánà ló ń tú féńdà iwájú. Ilé iṣẹ́ Leyland máa ń to Land Rover pọ̀ n'Ìbàdàn nígbà kan, ẹ sì lè tú ẹ̀yà ara lára òkú ọkọ̀ tí ẹ bá rí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣì ń ṣe ṣáásì tuntun tí wọ́n rì bọnú síǹkì gbígbóná. Kíkó o wá sí Èkó ló wọ́n.

Ìpẹtà FJ40 kì í sá pamọ́ tó bẹ́ẹ̀. Á yọ lábẹ́ férémù gíláàsì iwájú, ní gọ́tà etí òrùlé, lábẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn, nílẹ̀ inú ọkọ̀ àti ní igun ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn. Ẹni tó fẹ́ tà á ló máa ń fi pọ́tì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara bọ́dì kí wọ́n tó kùn ún, bò ó. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé irin òòfà kó má baà họ ọ̀dà, kí ẹ wọ́ ọ káàkiri. Yàtọ̀ sí òkè tí wọ́n fi fáíbà ṣe, ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, pọ́tì ló wà níbẹ̀. Lára Land Rover, irin òòfà ò wúlò fún èyí, torí kò ní lẹ̀ mọ́ alumíníọ́mù.

Àmọ́ sípánà ò ní tó FJ40. Wọ́n ti jó èyí tó pọ̀ jù lára bọ́dì rẹ̀ pọ̀, ibi tó bá jẹrà níbẹ̀, gígé ni. Ẹ gé e títí ẹ ó fi kan irin tó mọ́, kí alájórin tó mọ irin fẹ́lẹ́ jó tuntun sí i. Tíntìn-tíntìn ni kó máa jó o, kó máa jẹ́ kó tutù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irin á ká. Oògùn ìpẹtà tí wọ́n ń fi phosphoric acid ṣe ò lè dá irin tó ti lu padà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó irin tuntun lé ìpẹtà lórí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni èyí: abẹ́ ìjókòó iwájú ni táńkì epo wà nínú Land Rover kúkúrú àti nínú àwọn FJ40 tó kọ́kọ́ jáde. Ẹ tú u kúrò lára ọkọ̀ kí alájórin tó tan iná. Táńkì tí wọ́n ti fa epo rẹ̀ gbẹ ṣì lè bú gbàmù, torí èéfín epo ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ tú bátìrì náà.

Bí ẹ ò bá lè jórin, Land Rover tí bọ́dì rẹ̀ ti wó ṣùgbọ́n tí ṣáásì àti ògiri iwájú rẹ̀ yè ni kí ẹ rà. Tó bá jẹ́ FJ40 lọkàn yín fẹ́, ẹ fowó kún owó kí ẹ ra èyí tí ìpẹtà ò tíì wọlé sí. Olówó pọ́ọ́kú rẹ̀ tó ti lu kiri, owó alájórin nìkan á ti ju owó tí ẹ fi rà á lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà rọra nu ibi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára ṣáásì, kí ẹ fi wé ìwé ọkọ̀. Ìpẹtà máa ń jẹ ibẹ̀ náà, ẹni tí kò bá sì rí nọ́ńbà rẹ̀ kà á jìyà lọ́wọ́ àwọn tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀.